Iyùn, Kọfí, àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Àwọn Ará Ítálì ní Etí Ọ̀sà Wa



Bí a bá bi ọmọ Ìbẹ́jú tàbí ọmọ Lẹ́kì léèrè pé orílẹ̀-èdè Òyìnbó wo ni ọwọ́ rẹ̀ kan ayé àwọn baba rẹ̀ jùlọ, yóò dáhùn kíákíá pé Gẹ̀ẹ́sì ni. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó fi etí sí ìtàn, yóò fi àwọn Pọtogí kún un, àti àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bràsíìlì padà bọ̀. Agbára káká ni a ó fi rí ẹni tí yóò dárúkọ Ítálì. Ítálì kò gba ilẹ̀ kan lọ́wọ́ wa, kò sì bu owó-orí fún ẹnikẹ́ni ní etí ọ̀sà yìí. Síbẹ̀, ẹ wo ọrùn ọba ní ọjọ́ ọdún, ẹ wo ọwọ́ ìyàwó ní ọjọ́ ìgbéyàwó, ẹ wo ilẹ̀ ilé tí àwọn baba yín fi simẹ́ńtì dídán tẹ́, ẹ sì wo agolo tí ìyá alátẹ fi ń wọn ìrẹsì: iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Ítálì wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ni bí àwọn ènìyàn kan, tí igi kọfí kò hù ní ilẹ̀ wọn, ṣe fi ọgbọ́n ọwọ́ sọ ohun ilẹ̀ mìíràn di ohun iyì tí gbogbo ayé ń wá. Àti bí àwa tí a rà á lọ́wọ́ wọn ṣe fi ọgbọ́n tiwa sọ ọ́ di ohun ilé wa. N kò ní fi iye tí a san pamọ́, nítorí kì í ṣe owó nìkan ni a san.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí iyùn. Nígbà tí àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa dé orí kọkànlélọ́gbọ̀n ìwé Òwe, níbi tí a gbé fi iye obìnrin oníwà rere wé ohun iyebíye, ọ̀rọ̀ náà, iyùn, ni wọ́n mú. Wọn kò ní láti ṣe àlàyé fún ẹnikẹ́ni, nítorí gbogbo ilé ni ó mọ̀ pé ohun tí ó bá níye lórí ju iyùn lọ ti kọjá ohun tí a ń náà lọ́jà. Ṣùgbọ́n ibo ni iyùn ti wá? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òkúta ni, àwọn mìíràn sì rò pé inú òkun tiwa ni a ti ń wú u. Kì í ṣe òkúta. Ẹ̀dá abẹ̀mí kékeré ni ó ń kọ́ ọ sí ara àpáta ní ìsàlẹ̀ òkun, gẹ́gẹ́ bí ìkán ti ń mọ òkìtì. A máa yọ ẹ̀ka bí igi, ó sì pupa bí ẹ̀jẹ̀. Iyùn pupa tí ayé kà sí jùlọ láti ìgbà pípẹ́ kò sí nínú òkun tí ń bú ní ẹ̀yìn ilé wa ní Orimedu. Inú Òkun Mẹditaréníà ni ó wà, ní àyíká Sardinia àti Sísílì, àti ní etí ilẹ̀ Tùnísíà àti Àlùjíríà, tí í ṣe ilẹ̀ Áfíríkà.

Ẹ̀yin apẹja yóò fẹ́ mọ bí wọ́n ti ń wú u. Wọ́n a fi igi ńlá méjì dá àgbélébùú, wọ́n a so òkúta wíwúwo mọ́ àárín rẹ̀ kí ó lè rì, wọ́n a sì so àkísà àwọ̀n mọ́ ẹnu igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n a jù ú sínú ibú, ọkọ̀ a máa wọ́ ọ kiri lórí àpáta, títí ẹ̀ka iyùn yóò fi ṣẹ́ tí yóò sì há sínú àwọ̀n. Iṣẹ́ agbára ni, àwọn tí ń ṣe é kì í sì í ṣe olówó. Láti ìlú Torre del Greco, ní ẹ̀bá Naples, ní ẹsẹ̀ òkè oníná tí à ń pè ní Vesuvius, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń gbéra, wọn a sì wà lójú omi fún oṣù púpọ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1540 títí di ọdún 1741, ìdílé kan ní Genoa, ìdílé Lomellini, ni ó ní ẹ̀tọ́ láti wú iyùn ní erékùṣù Tabarka ní etí ilẹ̀ Tùnísíà. Ẹ fi èyí sọ́kàn: apá kan nínú iyùn tí Ítálì kó jáde, omi Áfíríkà ni ó ti wá.

Bí wọ́n bá ti wú u tán, iṣẹ́ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ̀ka iyùn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú òkun kò lẹ́wà lójú. A gbọ́dọ̀ gé e, kí a lu ihò sí i, kí a yí i lórí òkúta, kí a sì fi omi àti ìyẹ̀fun dán an títí yóò fi máa kọ mànà. Ní Livorno, ọ̀rúndún 17 àti 18 ni òwò yìí gbilẹ̀ jùlọ, lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Júù tí a ti lé àwọn baba wọn kúrò ní Spéènì àti Pọ́túgà. Wọ́n ń fi iyùn ránṣẹ́ títí dé Íńdíà. Ní ọdún 1805, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Paolo Bartolomeo Martin gba àṣẹ lọ́wọ́ ọba Naples, ó sì dá ilé iṣẹ́ iyùn sílẹ̀ ní Torre del Greco. Ní ọdún 1878, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ kí àwọn ọmọdé lè kọ́ iṣẹ́ náà. Àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí mọ ohun tí olúkúlùkù oníbàárà ń fẹ́. Fún àwa ará ìhín, wọ́n a gé e ní gbọọrọ, kí ó tóbi, kí ó sì wúwo lọ́rùn. Nítorí ojú àgbà kì í kúkú tó ìlẹ̀kẹ̀ tíńtìntín.

Àwọn Pọtogí ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọkọ̀ òkun gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n dé Ìbìní ní nǹkan bí ọdún 1485, nígbà tí ó sì di ọ̀rúndún 16, iyùn wà lára ẹrù tí wọ́n ń kó lọ fún ọba ibẹ̀. Ìtàn àwọn ará Ìbìní sọ pé Ọba Ewuare ni ó gba iyùn lọ́wọ́ Olókun. Ẹnikẹ́ni lè rẹ́rìn-ín sí i. Ní tèmi, mo rí i pé ìtàn náà mú òtítọ́ kan lọ́wọ́, pé láti òkun ni ọrọ̀ náà ti wọlé. Ọ̀sà tiwa pàápàá kò fara pamọ́ fún wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 16, Duarte Pacheco Pereira, ọ̀gákọ̀ kan ará Pọ́túgà, kọ ìwé nípa etí òkun yìí. Ó dárúkọ ìlú Ìjẹ̀bú àti yàrà ńlá tí ó yí i ká, ó sì sọ pé àwọn Pọtogí ń ra ẹrú níbẹ̀, ẹ̀gbà idẹ 12 tàbí 15 fún ẹnìkan.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ ka iye náà sí yín létí. Ẹ̀gbà idẹ méjìlá fún ọmọ ènìyàn! Ìlẹ̀kẹ̀, idẹ àti aṣọ ni ó ń wọlé láti ojú omi. Eyín erin, ata àti ènìyàn ni ó ń jáde. A kò lè gbé iyùn àtijọ́ sí ọrùn kí a sọ pé ọ̀wọ́ ni a rà á. Àwọn kan wà tí wọn kò padà wá sí ilé mọ́ nítorí rẹ̀, àwọn ọmọ ọmọ wọn sì wà ní Bàhíà àti ní Kúbà títí di òní.

Kí a má sì ṣe rò pé òfìfo ni ọrùn wa kí Òyìnbó tó dé. Ní Ilé-Ifẹ̀, nínú igbó tí à ń pè ní Igbó Olókun, àwọn baba wa ń yọ́ dígí fúnra wọn nínú ìkòkò amọ̀, wọ́n sì ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀, láti nǹkan bí ọ̀rúndún 11 sí ọ̀rúndún 15. Leo Frobenius, ará Jámánì, rí àwókù ìkòkò wọ̀nyí ní ọdún 1910, ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń sọ pé dígí ilẹ̀ òkèèrè ni a ń yọ́ níbẹ̀ tí a fi ń ṣe tuntun. Ní àkókò tiwa yìí ni Abidemi Babatunde Babalola, ọmọ Yorùbá, walẹ̀ níbẹ̀, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi hàn pé ohun inú ilẹ̀ wa ni a fi se dígí náà, tí irú rẹ̀ kò sí ní Venice tàbí ní ilẹ̀ Lárúbáwá. Àwọn àgbà ní ìdí ọmọ ẹni kì í burú kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ti ọmọ ẹlòmíràn. Iná Igbó Olókun kú, ìlẹ̀kẹ̀ tí ó ti òkun wọlé sì gba ọjà. Ohun tí ó dùn mí nínú ìtàn yìí ni pé a kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe, lẹ́yìn náà ni a di oníbàárà.

Ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí ó tẹ̀lé e láti òkèèrè, Venice ni ibùdó rẹ̀. Ní ọdún 1291, ìjọba Venice pàṣẹ pé kí gbogbo àwọn tí ń yọ́ dígí kó lọ sí erékùṣù Murano, nítorí ìbẹ̀rù iná. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe oríṣiríṣi: olójú, abilà, èyí tí ó dàbí ìràwọ̀, àti wẹ́wẹ́ bí irúgbìn. Àwọn obìnrin tálákà ni ó ń sín wẹ́wẹ́ yìí ní ẹnu ọ̀nà ilé wọn, wọn a mú abẹ́rẹ́ gígùn púpọ̀ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọn a sì tì í bọ inú àwo ìlẹ̀kẹ̀. Owó tí wọ́n ń gbà kò tó nǹkan. Ní ọ̀rúndún 19, wẹ́wẹ́ náà pọ̀ dé ilẹ̀ wa tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ adé, bí àwọn ará Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tí òkìkí wọn kàn, lè fi bo adé láti òkè dé ilẹ̀, kí wọ́n fi ya ẹyẹ àti ojú ènìyàn sí i lára. Kò sí ará Venice kan tí ó ronú kan irú adé bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ta ìlẹ̀kẹ̀ fún wa; àwa ni a sọ ọ́ di adé tí ọba kò gbọdọ̀ yọjú wo inú rẹ̀.

Ǹjẹ́ ará Ítálì kan ha fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ yìí bí? Bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn sí Èkó ní oṣù December 1851, tí Kòsọ́kọ́ sì sá lọ sí Èpè, àwọn oníṣòwò epo pupa rọ́ wá sí Èkó. Ọ̀kan nínú wọn ni Giambattista Scala, ará àgbègbè Genoa, ẹni tí ọba Sardinia fi ṣe kọ́nsúlù, èyíinì ni aṣojú rẹ̀, ní Èkó. Ó rin ìrìn-àjò lọ sí Abẹ́òkúta nítorí òwú, ó sì tẹ ìwé jáde ní ọdún 1862 lórí ohun tí ó rí. A túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2000. Ní oṣù March 1861 ni ìjọba Sardinia di ìjọba Ítálì; ní oṣù August ọdún kan náà ni Èkó bọ́ sí abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún tí ọba ọkùnrin náà gbòòrò sí i ni ọba ìlú tí ó ń ṣòwò nínú rẹ̀ pàdánù ilẹ̀ rẹ̀.

Ìlú tiwa kò jókòó lásán ní àkókò náà. Ní ọjọ́ 28 oṣù September 1854, Kòsọ́kọ́ àti Benjamin Campbell, kọ́nsúlù Gẹ̀ẹ́sì, fọwọ́ sí àdéhùn Èpè. Nípa rẹ̀ ni Kòsọ́kọ́ fi gba èbúté Palma, tí í ṣe Orimedu, láti máa ṣòwò. Lórí àgbá epo kọ̀ọ̀kan tí ó gba nǹkan bí 120 gálọ́ọ̀nù, kí ó gba orí owó ẹyọ kan, èyíinì ni ẹgbàá ẹyọ. Lórí pọ́n-ùn eyín erin kọ̀ọ̀kan, okùn owó ẹyọ méjì. Palma àti Lẹ́kì di ẹnu ọ̀nà tí kò gba Èkó kọjá, títí Kòsọ́kọ́ fi jọ̀wọ́ wọn fún Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù February 1863. Ẹ wo bí ọjà ti yí padà: epo ni ó ń jáde báyìí dípò ènìyàn, a sì fi dúpẹ́, ṣùgbọ́n tútù ni epo ń lọ, ohun tí a ti ṣe parí ni ó sì ń padà bọ̀.

Èyí mú wa dé orí kọfí, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà gbé hàn kedere.

Kọfí kì í ṣe igi Ítálì. Ilẹ̀ Etiópíà ni ó ti hù, àwọn ará Yẹ́mẹ̀nì ni wọ́n sì sọ mímu rẹ̀ di àṣà. Ọ̀rúndún 17 ni ó dé Venice pẹ̀lú ọkọ̀ àwọn oníṣòwò. Àwọn kan ń pìtàn pé àwọn àlùfáà fẹ́ kí Póòpù Clement Kẹjọ fòfin de ohun mímu àwọn Mùsùlùmí yìí, pé ó tọ́ ọ wò, ó dùn mọ́ ọn, ó sì súre fún un. Ìtàn dídùn ni, n kò sì gbà á gbọ́ púpọ̀. Èyí tí ó dájú ni pé ní ọdún 1720, Floriano Francesconi ṣí ilé kọfí kan ní gbàgede Mímọ́ Máàkù ní Venice, tí ó ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Florian. Pé Goldoni fi ilé kọfí ṣe eré orí ìtàgé ní ọdún 1750. Àti pé láti 1764 sí 1766, Pietro Verri àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Milan ń tẹ ìwé ìròyìn kan jáde tí wọ́n sọ ní Kọfí, nínú èyí tí wọ́n ti ń jiyàn lórí òfin àti ìlú. Ife kékeré kan di ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń jókòó pọ̀ tí wọ́n fi ń ronú.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ dé. Angelo Moriondo gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ kọfí olóoru ní Turin ní ọdún 1884. Luigi Bezzera tún un ṣe ní Milan ní 1901. Ní 1933, ilé iṣẹ́ Alfonso Bialetti ṣe ìkòkò kékeré tí ó mú kí obìnrin lè se irú rẹ̀ nínú ilé ìdáná ara rẹ̀. Lẹ́yìn ogun ńlá kejì, Achille Gaggia fi ẹ̀rọ onírin fífà mú kí ìfófòó dúró lórí kọfí. Kọfí líle tí ń fún ọ̀pọ̀ ife ní ìfófòó náà, tí à ń pè ní robusta, igi Áfíríkà ni. Ùgáńdà sì wà lára àwọn tí ń ta púpọ̀ rẹ̀ fún Ítálì.

Àwa náà gbìn ín. Ní nǹkan bí ọdún 1880, James Pinson Labulo Davies dá oko ńlá sí Ijon, ní àgbègbè Agége. Ìjọba dá ọgbà ìrúgbìn sílẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tta ní 1887, láti máa pín irúgbìn fún àgbẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ Èkó, àwọn tí òwò epo ti dojú rú mọ́ lọ́wọ́, gbé ọkọ́ lọ sí Agége, wọ́n gbin kọfí, kòkó àti obì. Ṣùgbọ́n ní ìparí ọ̀rúndún náà, Bràsíìlì gbin kọfí púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí owó rẹ̀ fi wó lulẹ̀ ní gbogbo ayé. Àgbẹ̀ Agége kò ní ẹ̀rọ, kò ní ilé kọfí, kò sì ní ẹni tí yóò mu ún ní ìlú rẹ̀, nítorí a kì í mu kọfí ní ilé wa. Ohunkóhun tí ó bá ti gbóná nínú ife, tíì ni à ń pè é títí di òní. Ohun tí ó gbìn kò ní ìlò kankan fún un àfi kí àjèjì rà á. Nígbà tí àjèjì kò sanwó mọ́, ó pa kọfí tì, ó dojú kọ kòkó. Ará Venice kò ní igi kọfí kan, owó tí ó wó kò sì pa á lára: ó ra ẹ̀gbin ní ọ̀pọ̀, ó sì ta ife ní ọ̀wọ́n.

Ọ̀ràn kan wà tí mi ò gbọdọ̀ fò. Ní oṣù October 1935, Ítálì gbógun ti Etiópíà, ilẹ̀ tí kọfí ti wá, ó sì tú afẹ́fẹ́ olóró lé àwọn ènìyàn rẹ̀ lórí. Àwọn ará Èkó péjọ, wọ́n sì fi ẹ̀hónú hàn. Ní 1941, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wà nínú ẹgbẹ́ ogun tí ó lé àwọn ará Ítálì jáde: wọ́n wọ Mogadishu ní oṣù February, wọ́n sì wọ Harar ní oṣù March, ìlú tí òkìkí kọfí rẹ̀ kàn ká ayé. Ẹni tí ó bá ń yin ọwọ́ àwọn ará Ítálì, gẹ́gẹ́ bí mo ti ń ṣe, kò gbọdọ̀ gbàgbé ohun tí ọwọ́ kan náà ṣe níbẹ̀.

Nísinsìnyí, lójú ọ̀nà láti Lẹ́kì dé Ajah, àwọn ṣọ́ọ̀bù wà tí wọ́n ń ta kọfí fún àwọn ọ̀dọ́, orúkọ Ítálì ni gbogbo ife náà sì ń jẹ́. Iyùn ṣì ń wọlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú èyí tí à ń tà lọ́jà jẹ́ ayédèrú tí a pa láró. Wúrà tí àwọn ìyá wa ń pè ní wúrà Ítálì, ìdí ọ̀wọ̀ kan náà ni. Ilẹ̀ ilé onítẹ̀rásò tí ó kún Èkó, tí a fi àfọ́kù mábù pọ̀ mọ́ simẹ́ńtì tí a sì yí i títí ó fi dán, àwọn oníṣẹ́ Venice ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí àfọ́kù tí ó ṣẹ́ kù níbi iṣẹ́ ilé àwọn olówó má baà ṣòfò. Láti ọdún 1932 ni ilé iṣẹ́ ìkọ́lé Cappa àti D'Alberto, tí àwọn ará Ítálì dá sílẹ̀, ti ń kọ́lé ní Èkó.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo rẹ̀, agolo ni mo fẹ́ràn jù. Tòmátì kì í ṣe èso Ítálì; ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá, àwọn ará Ítálì ni wọ́n kọ́ bí a ti ń sè é ki tí a sì ń rọ ọ́ sínú agolo. De Rica jẹ́ orúkọ ọ̀kan nínú àwọn tòmátì alágolo Ítálì tí ó dé ọjà wa. Nígbà tí àwọn ìyá wa se tòmátì inú rẹ̀ tán, wọn kò da agolo náà nù. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n gbé e lọ sọ́jà, wọ́n sì fi ń wọn ẹ̀wà, gàrí àti ìrẹsì. Ó di òṣùwọ̀n. Ní ọjà Ajah àti ní ọjà Èpè, dérícà kan ni oníbàárà ń béèrè, òun àti ẹni tí ń tà á sì mọ iye tí í ṣe láìsí àríyànjiyàn. Bí agolo náà bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ mìíràn, dérícà náà ni yóò máa jẹ́, àfi bí ìyá ọlọ́jà bá lu ìdí rẹ̀ wọlé díẹ̀. Nígbà náà ni ohùn yóò sọ.